Ìlù àti Ẹni tí Ńkọ́ Orin

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ńgbé Ìdímù níhìn mọ̀ pé etí wa kì í ṣe àjèjì sí ìlù. L'ọ́jọ́ Sátidé, gángan a máa dún níbi ìnáwó. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsimi bá sì mọ́, dùùrù a gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀dọ́mọdé tí ńkọ́ orin nínú ìjọ wa léèrè ohun tí gángan náà ńwí, a dákẹ́. Ó lè ka orin tí a kọ sínú ìwé. Kò lè gbọ́ èdè ìlù. Báwo ni ó ti ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìtàn ni yíò dá wa lóhùn.

Nígbàtí ìhìnrere dé ilẹ̀ wa li ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn baba wa nínú ìjọ kò fẹ́ ìlù nínú ilé Ọlọ́run. Nwọn kò ṣe é láìnídìí. Bàtá ni a fi ńbọ Ṣàngó, ìgbìn ni a fi ńbọ Ọbàtálá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí òrìṣà lè gbọ́ ìlù náà kí ọkàn rẹ̀ sì padà sẹ́hìn. Nítorínáà nwọ́n mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, nwọ́n sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Níbẹ̀ ni àṣìṣe gbé wọlé. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ńfi do, re, mi pè. Re re ni igba tí í ṣe iye. Re mi ni igbá tí a fi ńbu omi. Do do ni ìgbà tí í ṣe àkókò. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ńkọrin lè ní ìgbà lọ́kàn kí ó sì máa fi ẹnu pe igbá.

Àwọn kan rí àṣìṣe yìí, nwọn kò sì dákẹ́. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930) kọ orin tí ó bá ohùn Yorùbá mu; li ọdún 1922, ní Lọ́ńdọ̀nù, a gba ohùn rẹ̀ sínú àwo nínú orin 43. Ọ̀gbẹ́ni Thomas King Ekundayo Phillips (1884–1969) lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1911 dé 1914. Láti 1914 dé 1962 ni ó fi tẹ dùùrù ní Christ Church, Marina, ní Èkó, tí í ṣe Cathedral. Ó fi etí sí orin àwọn baba wa, ó sì tẹ ìwé kan jáde li ọdún 1953 tí ó pè ní Yoruba Music. Fela Sowande àti Ayo Bankole, tí òkìkí wọn kàn, kọ́ orin lọ́dọ̀ rẹ̀.

Akin Euba (1935–2020), ọmọ Èkó, tún rìn jìnnà ju èyí lọ. Ó ti kọ́ píánò ní ilé-ẹ̀kọ́ Trinity kannáà, síbẹ̀ ó padà wá fi ara rẹ̀ ṣe ọmọ-ẹ̀hìn àwọn onílù dùndún. Lórí ìlù yìí ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì ti Gánà ní Legon li ọdún 1974. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún jáde li ọdún 1990.

Àwa pẹ̀lú pẹ́ kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní kọ́lẹ́jì tí a gbé tọ́ wa, a kọ́ wa láti máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹnikẹ́ni kò sọ ohun kan fún wa nípa ìlù. A ti kọjá àádọ́ta ọdún kí a tó lọ bá àgbà onílù kan pé kí ó kọ́ wa. Ìyáàlù ni a rò pé yíò gbé fún wa. Baba náà gbé gúdúgúdú lé wa lọ́wọ́, èyí tí kò ní ọṣán tí a lè fún, ó ní kí a máa lu ohun kan ṣoṣo, kí a má sì yí i padà. Bí ìyáàlù ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ọwọ́ wa ṣìnà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ má bínú, Àlùfáà. Kíkà ni ẹ ńkà. Ẹ kò gbọ́ wa.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ẹ dán an wò ní ilé yín. Ẹ máa ka ení dé èjìlá, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ní 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láìdúró. Ìlù agogo tí a ńpè ní kónkóló nìyí. Nínú èjìlá kannáà, ẹnìkan lè fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, ẹlòmíràn ní ìgbà mẹ́ta, àwọn méjèjì kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ó ńka ti ara rẹ̀ nìkan ni yíò sọ pé ẹnìkejì òun ti ṣìnà. Nígbàtí a jáwọ́ nínú kíkà tí a sì ńgbọ́ àwọn yòókù, ọwọ́ wa padà sí ipò rẹ̀.

Lẹ́hìn èyí ni baba náà fi ìyáàlù hàn wá. Bí a bá fún ọṣán, ohùn a ròkè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, a sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a fi kọ̀ǹgọ́ kàn án kí a tó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ lù. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀, ariwo ni yíò lù.

Ní ọjọ́ òní, ìlù ti wọ inú ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n a lè gba ìlù wọlé kí a sì fi etí sílẹ̀ lóde. Àwọn àgbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ inú ìlù ńlọ lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú ọmọ wọn sì ti gba iṣẹ́ mìíràn. Nítorínáà a bẹ ẹ̀yin olórí akọrin pé, kí ẹ tó kọ́ àwọn ọmọ li ohùn orin, ẹ jẹ́ kí nwọ́n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a ti ńsọ ọ́ ní ilé. Ẹ rán àwọn tí ó ní ẹ̀bùn lọ sọ́dọ̀ onílù. Bí ó bá sì gbé ìlù tí ó kéré jù lé wọn lọ́wọ́, kí nwọn má ṣe bínú. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa fún wa li etí ìgbọ́. Àmín.