Gáàsì ogun tó di oògùn jẹjẹrẹ: ibi tí chemo ti wá

1. Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ níbi ìsìnkú: "Kì í ṣe jẹjẹrẹ ló pa á o, chemo ló pa á." Lónìí, mo fẹ́ sọ ibi tí chemo ti wá fún yín. Ogun wà nínú ìtàn yìí, irọ́ ìjọba wà nínú ẹ̀, Ìbàdàn náà wà nínú ẹ̀. 🧵

2. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún yín: májèlé ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ara ohun ìjà ni wọ́n ti rí oògùn tí gbogbo ìtàn chemo òde òní bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀. Bí májèlé ṣe wá di oògùn gan-an lọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀.

3. July 12, 1917. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Nítòsí ìlú Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun Jámánì ju ohun kan lu àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Mustard gas ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó di wákàtí mélòó kan kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn, kí awọ ara tó lé bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára.

4. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe nínú ara tún burú ju èyí tí ojú rí lọ. Ní 1919, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edward Krumbhaar, kọ ọ́ sílẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì funfun, ìyẹn àwọn ṣọ́jà tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára àwọn tí gáàsì náà mú. Mùdùnmúdùn inú eegun, tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ti bàjẹ́. Àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

5. Ogun kejì dé. Ìjọba Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù pé Hitler lè tún lo gáàsì. Wọ́n gbéṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ oògùn méjì ní Yale University, Louis Goodman àti Alfred Gilman: ẹ bá wa wádìí nǹkan wọ̀nyí. Èyí tí wọ́n gbájú mọ́ ni nitrogen mustard, ìbátan gáàsì ti Ypres.

6. Ẹ bá wọn rò ó. Bí nǹkan kan bá ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun, tí jẹjẹrẹ kan sì wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun kan náà ló ya pòókíì tó ń pọ̀ sí i láìdúró (lymphoma ni wọ́n ń pe irú ẹ̀), kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí méjèèjì bá pàdé? Wọ́n gún un fún eku tó ní irú kókó bẹ́ẹ̀ lára. Kókó rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kéré.

7. Ó wá kan èèyàn. Nínú fáìlì, J.D. ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Pólàńdì ni, ó ti kó wá sí Amẹ́ríkà. Kókó ti gba ọrùn àti àgbọ̀n rẹ̀ débi pé oúnjẹ ò lọ dáadáa mọ́, oorun ò ṣeé sùn. Wọ́n ti fi ìtànṣán radiation tọ́jú ẹ̀ títí, kò ràn án mọ́. Ní August 27, 1942, wọ́n gún nitrogen mustard àkọ́kọ́ fún un. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi gún un.

8. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì ẹ̀ bí orúkọ oògùn? "Substance X". Àṣírí ogun ni, wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀.

9. Kókó yẹn yọ́. J.D. jẹun, ó sùn, ó yí ọrùn bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ sílẹ̀, jẹjẹrẹ náà sì padà. Wọ́n tún gún un, ó tún padà. December 1, 1942, ó kú. Mi ò ní fi ṣúgà bò ó: oògùn náà ò wò ó sàn. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ ká mọ̀ pé jẹjẹrẹ tó ti borí radiation ṣì lè sá fún nǹkan tó gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ sọ fún? Àṣírí ṣì ni.

10. Ọdún kan lẹ́yìn ikú J.D., àṣírí kan náà pa èèyàn. Ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni Bari, ìlú elébùúté ní gúúsù Ítálì.

11. Alẹ́ December 2, 1943. Ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ya bo èbúté náà. Ọkọ̀ ojú omi 17 ló rì. Ọ̀kan nínú wọn ni SS John Harvey ti Amẹ́ríkà. Bọ́ǹbù mustard tó tó 2,000 wà nínú ẹ̀. Wọ́n kó o wá ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ní báwọn Jámánì bá kọ́kọ́ lo gáàsì, àwọn náà á fi tiwọn dá a padà. Àwọn tó mọ ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ yẹn bá ọkọ̀ lọ.

12. Mustard dà pọ̀ mọ́ epo lójú omi. Àwọn atukọ̀ tó bẹ́ sómi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì rò pé òtútù ló ń mú wọn. Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn mọ́ aṣọ tó ti rin fún epo, wọ́n fún wọn ní tíì gbígbóná. Ká ní ẹnì kan sọ fún wọn ni: "Ẹ bọ́ aṣọ lára wọn, ẹ wẹ̀ wọ́n." Kò sẹ́ni tó sọ.

13. Ilẹ̀ mọ́, ojú wú, awọ ń bó. Àwọn tí wọ́n rò pé ara wọn ti ń yá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Ó lé ní 600 ọmọ ogun àti atukọ̀ tí májèlé náà mú dé ọsibítù. Kí oṣù yẹn tó parí, 83 nínú wọn ti kú. Ti àwọn ará ìlú Bari fúnra wọn, kò sẹ́ni tó ka iye wọn pé.

14. Wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà ológun kan, Stewart Alexander, láti Algiers. Ó wo àwọn aláìsàn, ó wo ara wọn, ó ní: mustard nìyí. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso èbúté ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Churchill pàápàá ò gbà. Wọ́n ní kí wọ́n yí àkọsílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà, kí wọ́n kàn kọ pé iná ọ̀tá ló jó wọn.

15. Alexander ò yí tiẹ̀ padà. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: bí sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ń pòórá lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹrin. Ìwé náà dé ọ̀dọ̀ Cornelius Rhoads, olórí ẹ̀ka ìṣègùn níléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tó ń rí sí ogun kẹ́míkà, tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan ní New York. Ohun tó kà nípa Bari bá ohun tí wọ́n ti rí ní Yale mu.

16. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Èyí ò tó ogún ọdún. Ní 1946, wọ́n ṣí àṣírí iṣẹ́ Yale, àwọn dókítà káyé kà á. Ní 1949, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nitrogen mustard bí oògùn jẹjẹrẹ.

17. Ó dáa, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo síìpù aṣọ yín. DNA inú sẹ́ẹ̀lì jọ ọ́: ọ̀wọ́ méjì tó so kọ́ra. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì, ó gbọ́dọ̀ tú síìpù yẹn kó lè ṣe ẹ̀dà ẹ̀. Nitrogen mustard ní ọwọ́ méjì. Ó fi ọ̀kan di apá ọ̀tún mú, ó fi ìkejì di apá òsì, àfi bí ẹni fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán síìpù pa. Kò ṣeé tú mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún jà títí, ó kú.

18. Ṣùgbọ́n oògùn yìí ò lójú. Kò mọ èwo ni jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ń kánjú pín ló ń mú. Jẹjẹrẹ ń kánjú. Gbòǹgbò irun náà ń kánjú. Awọ inú ẹnu àti ìfun ń kánjú. Mùdùnmúdùn eegun ń kánjú. Ìdí nìyẹn tírun fi ń re, tí ẹnu fi ń dá egbò, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọwọ́ ìyàwó kejì. Síìpù ni.

19. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì tó dáa mọ bí wọ́n ṣe ń tún DNA tó bàjẹ́ ṣe ju jẹjẹrẹ lọ. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gún un, tí wọ́n á dúró, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ara fi rí àyè mí, kí wọ́n tó tún gún un. Ìwọ̀n àti àkókò ló sọ májèlé di oògùn. Ní Bari, kò sí ìwọ̀n, kò sí àkókò.

20. Jámánì tó kọ́kọ́ ju gáàsì yẹn náà ló tún bí ọmọ ẹ̀ tó dáa jù. Láàárín 1950 sí 1959, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ ṣe cyclophosphamide, nitrogen mustard tí kì í jí títí ẹ̀dọ̀ á fi ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bí wọ́n bá ń gún "AC" fún ẹni yín tó ní jẹjẹrẹ ọmú, C yẹn ni. Ọmọ-ọmọ Ypres.

21. Ó wá kan ilẹ̀ wa. Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, Ùgáńdà, kọ̀wé nípa kókó kan tó ń wú lẹ́nu àwọn ọmọdé. Kókó yẹn lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, ọmọ ò ní pẹ́ kú.

22. Ẹ rántí síìpù. Jẹjẹrẹ tó yára tó báyìí, òun gan-an loògùn yìí máa mú jù. Ní UCH Ìbàdàn, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Kamẹrúùnù kan, Victor Anomah Ngu, ń fi oògùn bíi cyclophosphamide tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1965, ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ti lò ju ọdún méjì lọ láàyè. Àwọn ọmọ tí wọ́n ì bá ti sin! Ní 1972, Ngu àti Burkitt wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ yìí.

23. Ẹ jẹ́ ká wá padà síbi ìsìnkú yẹn. Ṣé chemo lè pa èèyàn? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tí àrùn sì ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ara ẹni tó ń gba chemo bá gbóná, a kì í dúró dọ̀la, a kì í fi agbo dán an wò. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ aago méjì òru.

24. Èyí tó ń dùn mí jù ni "ẹ má jẹ́ kí Màámi mọ̀". Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ìbà ni. Màámi á wá rí irun nínú kóòmù, ẹnu á dá egbò, wọ́n á gbà pé ẹnì kan ń pa àwọn. Lẹ́yìn ìkejì, wọn ò lọ mọ́. Ẹ wò ó, àwọn nọ́ọ̀sì Bari ò burú. Wọn ò sọ fún wọn ni.

25. Ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ orúkọ àìsàn, ẹ sọ orúkọ oògùn, ẹ sọ pé irun máa re àti pé ó sábà máa ń hù padà. Ẹ sọ fún dókítà náà bí ẹ bá ń lo agbo. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ chemo, ẹ bá mi fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí i kí wọ́n tó gún àkọ́kọ́.