Bí a ti Ń Gbé Aláìsàn Láti Oko

Ní ọdún 1895 ni àwọn Fadá ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lántọ́rọ̀, ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kí ni èyí jámọ́ fún ẹni tí ejò ṣán ní abúlé jíjìn? Ẹsẹ̀ ni ọ̀nà. Wọn a so aṣọ mọ́ ọ̀pá gígùn, wọn a tẹ́ aláìsàn sínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a sì gbé e lé èjìká, wọn a máa gbà á fún ara wọn bí ó bá ti ń rẹ̀ wọ́n. Bí odò bá kún, ibẹ̀ ni wọn yóò dúró sí, ìbáà ṣe pé ẹ̀mí ń bọ́. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ran àwọn tí ó súnmọ́ ibùdó rẹ̀ lọ́wọ́. Ará oko jíjìn, èjìká ènìyàn ni ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. A mọ orúkọ àwọn tí ó la ojú irin náà. Àwọn tí ó ru aláìsàn, a kì í sábà rí orúkọ wọn nínú ìwé.