Ìdámọ̀ Nepenthes

Ìdámọ̀ Nepenthes ni ọ̀nà tí a ń gbà mọ irú tí ewéko Nepenthes kan jẹ́, pàápàá èyí tí a rà ní ilé ìtajà òdòdó láìsí orúkọ lára rẹ̀. Nepenthes jẹ́ ìbátan àwọn ewéko ajẹkòkòrò nínú ìdílé Nepenthaceae. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ lé ní 170. Erékùṣù Borneo, Sumatra àti Filipínì ni wọ́n ti pọ̀ jù. Díẹ̀ wà ní Madagáskàr, Seychelles, Sri Lanka, Índíà àti Austrálíà.

Ìrísí

Ṣóńṣó ewé Nepenthes máa ń gùn di okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìparí okùn náà ni ó ń wú di ìkòkò tó ní ìdérí. Kòkòrò tí omi adùn ètè ìkòkò bá fà mọ́ra yóò yọ̀ ṣubú sínú omi inú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti di oúnjẹ fún ewéko. Okùn yìí ni a fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Sarracenia ti Amẹ́ríkà Àríwá, tí ìkòkò rẹ̀ ń dìde láti ilẹ̀ láìní okùn.

Àwọn àmì ìdámọ̀

Ewéko kan ṣoṣo lè ní oríṣi ìkòkò méjì. Ìkòkò ìsàlẹ̀ máa ń sanra, ó sì sábà ń ní ìyẹ́ méjì níwájú. Ìkòkò òkè, tí ó ń jáde nígbà tí ewéko bá ti ń gun òkè, máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ìyẹ́ rẹ̀ sì lè parẹ́. Nítorí náà, ìkòkò ìsàlẹ̀ ni a ń fi wé ìkòkò ìsàlẹ̀, ti òkè ni a sì ń fi wé ti òkè. Àwọ̀ kò ṣe é gbára lé, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè yí i padà. Àmì tó dájú jù ni fífẹ̀ ètè ìkòkò, ìrísí ìdérí, irun ara, àti bí ewé ṣe so mọ́ igi. Bí àpẹẹrẹ, ìdérí N. ampullaria tín-ín-rín, ó ṣẹ́ sẹ́yìn, kò sì bo ẹnu ìkòkò, ìkòkò N. ventricosa fún ní àárín bí ẹni pé ó ní ìbàdí.

Àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà

Àmúlùmálà, ìyẹn ọmọ irú méjì tó yàtọ̀ síra, ni ọ̀pọ̀ èyí tí à ń tà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni N. × ventrata: ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀ wú, àárín rẹ̀ fún díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ewé tó ní pupa. N. ventricosa àti N. alata ni a ti ń pè ní òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnyẹ̀wò ọdún 2013 fi hàn pé ọ̀pọ̀ èyí tí a ń pè ní N. alata jẹ́ N. graciliflora. Àwọn olùtajà kan tilẹ̀ ń ta N. × ventrata fúnra rẹ̀ ní orúkọ N. alata.

Ibi tí ìdámọ̀ mọ

Bí òbí ewéko bá ti ju méjì lọ, àwòrán nìkan kò lè fi ìdí orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Àṣà tó tọ́ ni láti kọ "Nepenthes, àmúlùmálà tí a kò mọ̀" sí i lára, nítorí orúkọ tí a fi àbá sọ yóò máa bá gbogbo ẹ̀ka tí a bá gé gbìn lọ. Orúkọ tún kan òfin: gbogbo Nepenthes wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES, N. rajah àti N. khasiana sì wà ní Àfikún Kìíní, níbi tí òfin ti le jù.

Ìtọ́jú láìmọ orúkọ

Àwọn irú orí òkè ń fẹ́ òru tútù, àwọn ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń fẹ́ ooru, N. × ventrata lè fara da méjèèjì. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ omi òjò, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, àti ilẹ̀ tí kò ní ajílẹ̀, tí omi kì í dúró sí.