Ìtàn Wíwá Ẹ̀rọ Afetíkọ́ Níbi Iṣẹ́

Ẹ̀rọ afetíkọ́ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú ògiri, àga, tẹlifóònù tàbí ohun ọ̀ṣọ́ ọ́fíìsì, kí ẹni tí kò sí nínú yàrá lè máa gbọ́ ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń wá a jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Moscow, nítorí ibẹ̀ ni ìjàkadì láàárín ẹni tó ń fi í pamọ́ àti ẹni tó ń wá a ti gbóná jù lọ. Ohun kan ń hàn léraléra nínú rẹ̀: kí irinṣẹ́ ìwákiri tó débẹ̀, òfófó tàbí ìfura ti sábà máa ń débẹ̀ ná.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ èwe ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì fi àmì àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára igi, ta W. Averell Harriman lọ́rẹ. Harriman ni aṣojú Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n gbé igi náà kọ́ sára ògiri yàrá ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Spaso House, ilé tí àwọn aṣojú ń gbé tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méje ló fi wà níbẹ̀, tí aṣojú mẹ́rin sì lo yàrá náà tẹ̀ léra. Lev Termen, ẹni tó ṣe ohun èlò orin tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, ló ṣe ẹ̀rọ afetíkọ́ tó wà nínú igi náà. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà. Agolo irin kékeré kan ni, tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú, tí ọ̀pá eríà sì yọ lára rẹ̀. Bí àwọn kan bá ti òde darí ìgbì rédíò sí i, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú yàrá á mú kí irin fẹ́lẹ́ náà máa gbọ̀n, ìgbì tó ń padà jáde á sì gbé ọ̀rọ̀ náà dání. Bí wọ́n bá dá ìgbì náà dúró, ó di igi lásán. Àwọn tó ń yẹ yàrá wò kọjá lára rẹ̀ títí, torí wáyà àti iná ni wọ́n ń wá.

Ẹni tó kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó ni òṣìṣẹ́ rédíò kan ní iléeṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Moscow, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú ń sọ nínú ilé lórí rédíò níbi tí kò yẹ kí ó ti gbọ́ ọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá sí Spaso House. George Kennan, tó jẹ́ aṣojú lákòókò náà, jókòó, ó ń pe lẹ́tà fún akọ̀wé rẹ̀ kí ó máa kọ ọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ń gbé ẹ̀rọ agbàgbì wọn kiri inú ilé. Ohùn Kennan jáde nínú rẹ̀. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé ara ògiri, wọ́n sọ igi náà kalẹ̀, wọ́n fi òòlù fọ́ bíríkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Igi náà gan-an ni wọ́n wá kọjú òòlù sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ọgbọ́n yìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ: yàrá tó dákẹ́ kò ní tú àṣírí ẹ̀rọ tó ń dúró de ọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ síta títí di oṣù karùn-ún ọdún 1960, nígbà tí Henry Cabot Lodge gbé igi náà han Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lákòókò tí Sófíẹ́ẹ̀tì ń fẹjọ́ ọkọ̀ òfuurufú amí Amẹ́ríkà, U-2, sùn.

Ní ọdún 1964, lẹ́yìn tí ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ti tú àṣírí, wọ́n fọ́ ògiri iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow, wọ́n sì bá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lé ní 40 níbẹ̀. Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn iléeṣẹ́ aṣojú kan fi ń kọ́ yàrá ìpàdé oníke tó mọ́ gaara, tí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀, kí ojú lè ríran gba gbogbo ara rẹ̀ kọjá.

Ìwákiri yí padà gidi ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí Charles Bovill, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irinṣẹ́ tí kì í dúró kí ẹ̀rọ afetíkọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń rán ìgbì rédíò sí ara ògiri. Bí dáyóòdù tàbí transistor bá wà níbẹ̀, ìgbì tó padà wá á ní ìlọ́po méjì iye ìgbọ̀n èyí tó lọ, ì báà jẹ́ pé bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú. Àmọ́ irin tó dípẹtà náà ń dá ìgbì padà, ìlọ́po mẹ́ta ló sì máa ń pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Awákiri ní láti fi èkínní wé èkejì, kó sì kan ògiri, torí bí wọ́n bá kàn án, ìgbì ti ìpẹtà á máa ṣe ségesège.

Kò sí irinṣẹ́ kankan nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní oṣù Kejìlá ọdún 1973. André Escaro, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Le Canard enchaîné, ń kọjá lálẹ́, ó rí i pé iná ń tàn ní ọ́fíìsì tuntun wọn. Ó gòkè lọ wò ó, ó bá àwọn ọkùnrin kan tó pe ara wọn ní púlọ́mbà. Òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá àṣírí ni wọ́n, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ń tò sábẹ́ ilẹ̀ àti sínú ògiri.

Iṣẹ́ tó nira jù ni ti ọdún 1984. Orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ kan ló ta Amẹ́ríkà lólobó pé wọ́n ti fi nǹkan sínú àwọn ẹ̀rọ òun fúnra rẹ̀ ní Moscow. Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí i ní oṣù kejì pé kí wọ́n yẹ ti Amẹ́ríkà náà wò, wọ́n sì kó ohun èlò tó tó tọ́ọ̀nù 11 kúrò ní iléeṣẹ́ aṣojú, wọ́n kó tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ sí Amẹ́ríkà láti fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù keje, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí ohun tí kò yẹ nínú tàípùráítà IBM Selectric kan; inú ọ̀pá irin kan tó gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà pamọ́ sí. Tàípùráítà 16 ló ní irú rẹ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀pá náà kò fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu rárá: bí ẹ̀yà inú tàípùráítà ṣe ń rìn bí wọ́n bá tẹ lẹ́tà ló ń tọ́ wò nípa agbára mágnẹ́ẹ̀tì, yóò sì fi rédíò rán an jáde ní kíá. Ibi tí ìgbì tẹlifíṣọ̀n Moscow ti ń ròkè ló fi ara pamọ́ sí, wọ́n sì lè ti òde pa á bí àwọn awákiri bá dé. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ náà fi ń jò.

Ilé tuntun tí Amẹ́ríkà ń kọ́ ní Moscow lákòókò kan náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì ló ń da kọnkéré rẹ̀ lẹ́yìn odi iléeṣẹ́, wọ́n sì ti ń ti ẹ̀rọ mọ́ inú rẹ̀. Yorùbá ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ti ilé yìí, àwọn tó mọ ògiri gan-an ló la ẹnu rẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní ọdún 1985. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, Vadim Bakatin, olórí àwọn ọlọ́pàá àṣírí Sófíẹ́ẹ̀tì, gbé àwòrán ibi tí ẹ̀rọ wà fún aṣojú Robert Strauss, ohun tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò dárí jì í. Síbẹ̀ Amẹ́ríkà wó àjà òkè méjì, wọ́n fi mẹ́rin tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì kó wọlé ní ọdún 2000.

Ní Washington náà, ní ọdún 1999, ẹ̀rọ afetíkọ́ kan wà nínú pákó ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá ìpàdé ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣojú Rọ́ṣíà kan tó ń páàkì ọkọ̀ rẹ̀ yí ilé náà ká láìdáwọ́ dúró ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n fura, kí wọ́n tó wá ẹ̀rọ náà.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ìpín tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ìwé ìròyìn Le Monde kọ ọ́ pé ní olú iléeṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ní Addis Ababa, èyí tí ilẹ̀ Ṣáínà kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2012, àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ń lọ sí Shanghai lóru. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fura ni pé láàárín aago méjìlá òru sí aago méjì, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ìwé ìròyìn náà ní nígbà tí wọ́n yẹ ilé náà wò, wọ́n bá ẹ̀rọ gbohùngbohùn lábẹ́ tábìlì àti nínú ògiri. Ìjọba Ṣáínà sẹ́ kanlẹ̀.

Lónìí, awákiri máa ń wo gbogbo ìgbì rédíò tó wà nínú yàrá, ó ń fi kámẹ́rà tó ń rí ooru wá ibi tí ẹ̀rọ tó ń jẹ iná ti mú ògiri gbóná díẹ̀, ó ń yẹ wáyà tẹlifóònù wò, ó sì ń fi ọwọ́ tú ohun gbogbo tó wà nínú yàrá, torí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sínú ara rẹ̀ láìrán an sí ẹnikẹ́ni kò rán ìgbì kankan jáde tí irinṣẹ́ tó ń wo ìgbì lè rí. Apá tí irinṣẹ́ nìkan kò lè yanjú ni fóònù tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń gbé wọlé, tó ní gbohùngbohùn, bátìrì àti rédíò nínú ara kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ àṣírí jẹ lógún fi gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, tí wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, títí kan ọ̀gá, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.