Gbígbé Àṣà Ẹlòmíràn Lò àti Òfin Ohun-Ìní Ọpọlọ

Gbígbé àṣà ẹlòmíràn lò láìgbàṣẹ ni kí àjèjì mú orin, àwòrán, aṣọ, oògùn tàbí ohun ọ̀wọ̀ àwùjọ kan, kí ó fi ṣòwò tàbí kí ó fi wá òkìkí, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, láìdárúkọ wọn, láìpín wọn nínú èrè. Òfin ohun-ìní ọpọlọ ní tirẹ̀ ń dáàbò bo iṣẹ́ tí èèyàn fi làákàyè ṣe: ẹ̀tọ́ àwòkọ wà fún ìwé, orin àti àwòrán, pátẹ́ǹtì wà fún ohun tí èèyàn hùmọ̀, àmì ìdámọ̀ wà fún ọjà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn amòfin ti ń jiyàn lórí bóyá òfin yìí lágbára tó láti gbèjà àwọn tó ni àṣà.

Ibi tí òfin kò dé

Ẹ̀tọ́ àwòkọ fẹ́ mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́, ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́ àtinúdá rẹ̀, ó sì ń fi gbèdéke sí ààbò. Ní Nàìjíríà, 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé tàbí olórin ni ẹ̀tọ́ náà ń dópin. Àṣà àjogúnbá kò bá ìwọ̀n yìí mu. Kò sẹ́ni tó lè sọ obìnrin tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ ya àwòrán Olókun sára àdìrẹ. Ìyá kọ́ ọmọ, ọmọ kọ́ ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọ ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ní owó pọ́ọ́kú, kò sí aláàdìrẹ kan tó lè pẹjọ́ pé òun lòun ni ín. Òfin ìforúkọsílẹ̀ fún ìrísí ọjà kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí ohun tuntun nìkan ló ń gbà wọlé.

Àwọn ọ̀ràn tó lókìkí

Ní 1995, iléeṣẹ́ pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà fún àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Mississippi ní pátẹ́ǹtì lórí lílo ata ilẹ̀ pupa láti wo ọgbẹ́ sàn. Íńdíà ta kò ó, wọ́n kó ìwé àtijọ́ jáde láti fi hàn pé àwọn baba ńlá wọn ti ń lò ó tipẹ́, iléeṣẹ́ pátẹ́ǹtì náà sì fagi lé e ní 1997. Àkọsílẹ̀ ló gba Íńdíà sílẹ̀. Àwùjọ tí ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ wà nínú ẹsẹ Ifá àti lẹ́nu àwọn àgbà kì í sábà rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ mú lọ.

Ní Ọsirélíà, John Bulun Bulun, ayàwòrán ọmọ ẹ̀yà Ganalbingu, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, pe iléeṣẹ́ aṣọ kan lẹ́jọ́ torí pé wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ. Ní 1998, kóòtù sọ pé àwọn ìbátan rẹ̀ kì í ṣe olóhun ẹ̀tọ́ àwòkọ náà, àmọ́ ó di dandan fún ayàwòrán fúnra rẹ̀ láti má ṣe lo àwòrán ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní ọ̀nà tó lè pa wọ́n lára. Àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà àmì ìdámọ̀: ní 2012 wọ́n pe iléeṣẹ́ aṣọ Urban Outfitters lẹ́jọ́ nítorí ó ń fi orúkọ wọn ta ọjà; wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2016.

Ilé-Ifẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2017, Damien Hirst, ayàwòrán ọmọ Bírítéènì, pàtẹ orí oníwúrà kan ní Venice, ní Ítálì, tó jọ orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Victor Ehikhamenor, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn tó rọ orí náà ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ẹ̀tọ́ àwòkọ kò sì kàn wọ́n. Òfin Nàìjíríà kò sì ní agbára ní Ítálì.

Òfin ní Áfíríkà

Ní 1976, wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe òfin kan ní Tunis tó fún ìjọba láyè láti dáàbò bo àṣà àjogúnbá láìní gbèdéke. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ Gánà ti 2005 fi àṣà bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ ààrẹ gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ fún aráàlú, títí láé. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Gánà bínú sí i, torí ó ní kí ọmọ onílẹ̀ pàápàá gbàṣẹ, kí ó sì sanwó.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ti 1988 ti mẹ́nu kan ìtàn, orin, ijó àti iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Òfin tuntun, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, sì pa ààbò náà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò lóde àyíká ìbílẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwòkọ. Lílo wọn nínú ilé tàbí fún ẹ̀kọ́ kò lẹ́ṣẹ̀.

Àríyànjiyàn

Ta ló yẹ kó fúnni láṣẹ? Orin Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, ó wà ní Bahia ní Bràsíl, ó wà ní Kúbà, gbogbo wọn sì ló ń sìn ín tọkàntọkàn. Bí ìjọba orílẹ̀-èdè kan bá gba owó àṣẹ, kò túmọ̀ sí pé abọrẹ̀ kankan á rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ògiri òfin lè pa iṣẹ́ ọnà lára, torí kò sí ẹ̀yà tí kì í yá nǹkan lọ́wọ́ òmíràn: aṣọ funfun láti ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ aláàdìrẹ ń pa láró láyé àmúnisìn. Ìyàtọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wò ni ti agbára: ta ló ń jèrè, ta ni wọn ò dárúkọ, ohun ọ̀wọ̀ ta ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣọ́ lásán?

Àdéhùn àgbáyé

Bí UNESCO ṣe kọ Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àṣà àgbáyé buyì fún wọn, àmọ́ kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ àwòkọ lórí wọn. WIPO, àjọ àgbáyé fún ohun-ìní ọpọlọ, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2000. Ní 24 oṣù karùn-ún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva pé ẹni tó bá ń wá pátẹ́ǹtì lórí ewé, egbò tàbí ẹranko, tàbí ìmọ̀ ìbílẹ̀ tó rọ̀ mọ́ wọn, gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí wọn. Orílẹ̀-èdè 15 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di òfin. Orin, ijó, ìlù àti àwòrán ara aṣọ kò sí nínú àdéhùn náà.