Lẹ́yìn tí Mbari Mbayo Kógbá Sílé

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Sekona, tó gba Ẹdẹ dé Òṣogbo, ọ̀nà tí ìtàn Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, gbà ló ń tọ̀. Ẹdẹ ni Ulli Beier, ará Jámánì, àti Susanne Wenger ìyàwó rẹ̀ kó lọ láti Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Níbẹ̀ ni Àjàgẹmọ, àgbà awo Ọbàtálá, ti mú Wenger wọnú ẹ̀sìn òrìṣà. Tímì Láoyè, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, ló wà lórí oyè. Nígbà tó yá, wọ́n gba Ìlobùú dé Òṣogbo.

Ní 1961, Beier bá Wole Soyinka, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn òǹkọ̀wé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ti Òṣogbo kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dúró Ládípọ̀, olùkọ́ tí àwọn àgbà ìjọ ti bínú sí nítorí pé ó kó ìlù dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Popular Bar. Ilé ọtí yẹn ni òun àti Beier sọ di Mbari Mbayo ní 1962. Ẹ̀bá títì ló wà, ẹni tó ń tọjà bọ̀ lè yà wò ó, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré Ládípọ̀ tó ń jẹ́ Ọba Kò So, tó dé Berlin ní 1964, tó sì dé London ní 1965.

Àwọn tó di olókìkí níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ iléèwé gíga. Jimoh Buraimoh ló ń tan iná fún eré Ládípọ̀ kó tó di pé ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pákó títí tí ojú èèyàn fi yọ. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni Asiru Ọlátúndé ti wá. Ó ń fi òòlù lu páànù títí tí igi, ẹyẹ àti ọdẹ fi hàn lára rẹ̀. Twins Seven-Seven ń bá oníṣòwò oògùn kan jó kiri ìlú ni, kó tó jó wọ Mbari Mbayo ní 1964, ọdún tí Georgina Beier, tí Ulli Beier fẹ́ lẹ́yìn Wenger, kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà. Ká má parọ́, ta ni ì bá jẹ́ kí irú wọn wọ gbọ̀ngàn àwòrán nígbà yẹn?

Ṣùgbọ́n orí èèyàn mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní ìparí 1966, Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1966 sí 1967, ó hàn gbangba pé CIA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà nídìí owó àjọ tó ń ran Mbari Ìbàdàn lọ́wọ́. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ó sì pa Okigbo. Nígbà tí Ládípọ̀ máa fi kú ní 1978, Mbari Mbayo ti di ìtàn.

Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Muraina Oyelami padà sí Ìràgbìjí, ìlú rẹ̀, láti dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀. Nike Okundaye, tó fẹ́ Seven-Seven nígbà kan, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ ní Òṣogbo. Mo yìn wọ́n gidigidi. Síbẹ̀, ilé aládàáni ni ibùdó wọn: bí onílé bá kú, àwọn ọmọ ni yóò pinnu bóyá ilẹ̀kùn á ṣì ṣí.

Ti ìjọba náà kò fọkàn ẹni balẹ̀. Nígbà ìjọba Olagunsoye Oyinlola, gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà náà, wọ́n dá ibùdó CBCIU (Centre for Black Culture and International Understanding) sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì kó ìwé àti àwòrán tí Beier tọ́jú wá síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Oyinlola kúrò nípò gómìnà ní 2010, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó yẹ kó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Láàárín ìjà àwọn àgbà yẹn, ọmọ Sekona tó mọ àwòrán yà kò tíì rí ibi tí yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ lẹ́bàá títì, kí ìyá ọlọ́jà lè yà wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.