Ìtọpinpin ìran àti àṣàyàn àdánidá

Ìtọpinpin ìran nínú DNA jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà mọ bí àwọn ènìyàn ṣe bá ara wọn tan láti ayé àwọn baba ńlá wọn. A tún ń lò ó láti dá àṣàyàn àdánidá mọ̀, èyíinì ni bí àyípadà kan nínú jíìnì ṣe di púpọ̀ láwùjọ nítorí pé àwọn tó ní in ń yè, wọ́n sì ń bímọ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí a mọ̀ nípa Yorùbá lọ́nà yìí wá ní pàtàkì láti Ìbàdàn, kì í ṣe láti etí òkun Ìlàjẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ní ìran kọ̀ọ̀kan, DNA tí òbí jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ máa ń gé, á sì dà pọ̀ mọ́ra kí ó tó dé ara ọmọ. Bí ìran bá ṣe ń gorí ìran ni abala tí àwọn ènìyàn jọ jogún ń kúrú sí i. Nítorí náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ ní abala gígùn kan, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ẹni tí wọ́n ti jogún rẹ̀ gbé ayé, abala náà sì yára tàn kálẹ̀. Àwọn onímọ̀ a fi í wé ìyókù DNA, kí wọ́n má bàa ka èèṣì sí àṣàyàn.

Àpẹẹrẹ láàárín Yorùbá

Ní 2002, Pardis Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà yìí rí àmì àṣàyàn tí àìsàn ibà fà lára jíìnì G6PD. DNA àwọn Yorùbá wà lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò. Àǹfààní irú àyípadà bẹ́ẹ̀ a máa ní ìnira tirẹ̀. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà tó le koko, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jẹ́ SS yóò ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Àwọn àyípadà kan nínú jíìnì APOL1, tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, ń dáàbò boni lọ́wọ́ irú àrùn oorun kan; ẹni tó bá jogún wọn lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni àrùn kíndìnrín súnmọ́ jù.

Ìbàdàn àti Ìlàjẹ

Iṣẹ́ HapMap gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé 30 ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ kan. Àwọn olùtọrẹ sọ pé Yorùbá ni òbí àgbà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn aṣètò ní kí a máa pè wọ́n ní «Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà» (YRI), kí a má sọ wọ́n di aṣojú gbogbo Nàìjíríà tàbí Áfíríkà. Nínú iṣẹ́ 1000 Genomes tó parí ní 2015, àwùjọ 26 ló wà. YRI àti Èsán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìlàjẹ kò ní orúkọ tirẹ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ilẹ̀, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ kúrò nílé. Bí àwọn ará etí òkun bá ń tú ká báyìí, yóò ṣòro sí i láti tọpa ìran wọn ní ibi tí ó ti ṣẹ̀.